Ó Ha Tọ́ Kí Onígbàgbọ́ Kọ́ Ìjà Bí?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lórí ìwé yìí kì í ṣe irú èyí tí akọ̀wé ìjọ máa ń sọ. Iṣẹ́ akọ̀wé ni láti kọ ohun tí àwọn ẹlòmíràn sọ sílẹ̀, kí ó ka ìwé ìpàdé tí ó kọjá sí etí ìgbìmọ̀, kí ó sì jókòó. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní, bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Mo ní ẹjọ́ kan láti rò, ẹjọ́ náà sì kan ìbéèrè tí ó wà níwájú ìjọ wa nísinsìnyí.

Ìbéèrè náà nìyí. Àwọn ọ̀dọ́ wa kọ ìwé sí ìgbìmọ̀ pé kí a jẹ́ kí àwọn máa lo gbọ̀ngàn ìjọ ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé láti kọ́ aikido, èyí tí í ṣe ọgbọ́n ìjà kan láti ilẹ̀ Japan. Ọ̀kan nínú wọn kọ́ ọ nígbà tí ó wà ní òkè òkun, ó sì fẹ́ kọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láìgba owó. Ohun méjì ni wọ́n ní àwọn ń wá: kí ara àwọn le, kí àwọn sì lè gba ara àwọn sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni ibi. Nígbà tí mo ka ìwé náà tán, ìgbìmọ̀ pín sí méjì. Àwọn kan ní ilé Ọlọ́run kì í ṣe ibi tí a ti ń kọ́ ìjà. Àwọn kan ní ayé ti bàjẹ́, ẹni tí kò bá lè gba ara rẹ̀, ta ni yóò gbà á? A sún ọ̀rọ̀ náà sí ìpàdé tí ń bọ̀. Bí a ti ń jáde, ìyá àgbà kan bi mí ní ẹnu ọ̀nà pé, "Akọ̀wé, ìwọ ńkọ́? Kí ni o rí sí i?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Màmá, akọ̀wé kò ní ohùn." Irọ́ ni mo pa. Mo ní ohun tí mo rí sí i, ojú ni ó ń tì mí láti sọ ọ́.

Ní àsìkò òjò tí ó kọjá, ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, àwa díẹ̀ ń ti ibi ìdánrawò orin bọ̀ ní Sabon Gari. Kò sí iná mànàmáná. Bí a ti dé ìkóríta, ọmọkùnrin kan yọ láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó já báàgì gbà lọ́wọ́ arábìnrin kan, ó sì mú eré. Arábìnrin náà ṣubú, orúnkún rẹ̀ sì bó. A ké olè, àwọn ènìyàn tú jáde, ọmọkùnrin náà sì fi ẹsẹ̀ kọ ní etí gọ́tà, ó wó lulẹ̀. Kí a tó ṣẹ́jú, bí ogún ènìyàn ti yí i ká. Wọ́n ń fi igi lù ú, wọ́n ń fi bàtà lù ú, ẹnìkan sì ti ń béèrè ibi tí a ti lè rí táyà. Ẹ̀yin ará mi, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Mo sáré dé ibẹ̀ pẹ̀lú ìwé orin ní abíyá mi, mo sì fi ẹsẹ̀ ta ọmọ náà ní ìhà, ẹ̀ẹ̀mejì. Nígbà náà, kò lè sá mọ́. Báàgì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ.

Ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan nínú wa. Baba alápatà kan wà ní àdúgbò wa, ọmọ Hausa pọ́ńbélé, Mùsùlùmí; Mallam ni gbogbo wa ń pè é. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Nígbà èwe rẹ̀, ó ja dambe láti ìlú dé ìlú ní ilẹ̀ Hausa yìí. Ó rìn wọ àárín èrò náà bí ẹni tí ń wọ ọjà, kò lu ẹnikẹ́ni, kò sì pariwo. Ó di ọmọ náà mú ní ọrùn ọwọ́, ó gbé e dìde, ó fi ara rẹ̀ dí i, ó sì sọ ọ̀rọ̀ méjì péré ní èdè rẹ̀: "Ya isa." Èyíinì ni pé, ó tó. Ọkùnrin kan gbé igi sókè; Mallam kàn na ọwọ́ òsì, ó tì í díẹ̀ ní ìgbọ̀nwọ́, igi sì kọjá sí ẹ̀gbẹ́, onígi fúnra rẹ̀ ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó ń wá ibi tí yóò tẹ ẹsẹ̀ sí. Lẹ́yìn èyí, kò sí ẹni tí ó tún sún mọ́ wọn. Òun àti àwọn àgbà ìjọ wa méjì ni wọ́n mú ọmọ náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, láàyè.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ kí i ní ìsọ̀ rẹ̀. N kò sọ ohun tí mo ṣe fún un, ṣùgbọ́n mo rò pé ó rí mi. Ó ń gé ẹran, kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Akawu," bẹ́ẹ̀ ni àwọn Hausa ń pe akọ̀wé, "ẹ̀rù ni ó lu ọmọ yẹn ní alẹ́ àná. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe kì í kánjú lò ó." Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Láàárín gbogbo wa ní alẹ́ ọjọ́ náà, ẹni kan ṣoṣo tí ó mọ ìjà jíjà ni ẹni kan ṣoṣo tí kò jà.

Ẹ jẹ́ kí a wo dambe yìí díẹ̀, nítorí àwa tí a jẹ́ àlejò ní ilẹ̀ yìí máa ń wò ó láti òkèèrè bí ìwà ẹhànnà. Àwọn alápatà ni wọ́n ni ín láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọn a máa lọ láti ìlú dé ìlú ní àsìkò ìkórè, wọn a sì máa jà níwájú àwọn ènìyàn. Ọwọ́ kan, èyí tí ó lágbára jù, ni wọ́n ń fi aṣọ àti okùn dì le koko. Ọwọ́ yìí ni ọ̀kọ̀. Ọwọ́ kejì wà ní ṣíṣí. Òun ni asà, tí a fi ń gba ìlù dúró. Ìpele mẹ́ta ni ìjà náà, bí ẹnìkan bá sì ṣubú kan ilẹ̀, wọn a ní a ti "pa" á, ìjà sì parí níbẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé pípa yìí kì í ṣe ikú. Ẹni tí a "pa" yóò dìde, yóò gbọn erùpẹ̀ kúrò lára, yóò sì lọ sílé rẹ̀. Òfin wà. Ààlà wà. Ọkùnrin tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ pé nígbà tí ènìyàn bá ti ṣubú, ọwọ́ gbọ́dọ̀ dúró, kò ṣòro fún un láti rí i pé ọmọ tí ó ti wà nílẹ̀ nínú gọ́tà kì í tún ṣe ẹni tí a ń bá jà. Èmi tí mo ka ìwé mẹ́wàá ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì, n kò rí i.

Àwa Yorùbá náà kò ṣe àjèjì sí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn bàbá wa tí wọ́n bá ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin dé ìhà ibí, lẹ́yìn tí ojú irin ti dé Kano ní ọdún 1911, ti Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́ àti ìlú púpọ̀ mìíràn wá. Ta ni kò mọ̀ pé àwọn ọmọ Ọ̀fà a máa fi ìjàkadì yangàn nínú oríkì wọn? Ẹkẹ àti gídígbò ni eré àwọn ọ̀dọ́ ní abẹ́ òṣùpá, níwájú àwọn àgbà tí ń ṣe onídàájọ́. Bí ẹ̀yìn ẹnìkan bá ti kan ilẹ̀, ó parí. Ẹni tí ó dá èkejì a na ọwọ́ fà á dìde. Nínú Ìwé Mímọ́ pàápàá, Jékọ́bù jà gídígbò títí ilẹ̀ fi mọ́ ní Péníẹ́lì, ó sì ti ibẹ̀ jáde pẹ̀lú orúkọ titun àti itan tí ń tiro. Kò sí ẹni tí ó ní kí a yọ orí náà kúrò nínú Jẹ́nẹ́sísì.

Ẹ sì jẹ́ kí a má ṣe àgàbàgebè. Nígbà tí Hogan Bassey gba ipò aṣíwájú ayé nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́ ní Paris ní oṣù Kẹfà ọdún 1957, àwọn bàbá wa yọ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1963, nígbà tí Dick Tiger bá Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà jà ní pápá ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn, tí àwọn aláàbójútó Fullmer sì dá ìjà náà dúró lẹ́yìn ìpele keje, gbogbo Nàìjíríà ni ó hó. Àwọn onígbàgbọ́ wà lára àwọn tí ó hó. Bí a bá lè pàtẹ́wọ́ fún ẹni tí ń fi ẹ̀ṣẹ́ lu ọmọnìkejì rẹ̀ títí kò fi lè jà mọ́, kí ni ìdí tí ọkàn wa fi ń dààmú nígbà tí ọ̀dọ́ kan bá ní òun fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń di ọrùn ọwọ́ mú láìṣẹ́ ẹ?

Nítorí ohun tí aikido jẹ́ gan-an nìyẹn. Ẹni tí ó dá a sílẹ̀ ni Morihei Ueshiba, tí a bí ní ìlú Tanabe ní ọdún 1883. Ọkùnrin kúkúrú ni. Ó jẹ́ ọmọ ogun nígbà tí Japan bá Rọ́ṣíà jà ní ọdún 1904 sí 1905. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Hokkaido, ibi tí ó ti pàdé ọ̀gá ìjà kan tí ń jẹ́ Sokaku Takeda ní ọdún 1915, tí ó sì kọ́ ọgbọ́n ìjà àtijọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọgbọ́n náà le. Ṣíṣẹ́ eegun àti sísọ ènìyàn mọ́lẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń lọ, Ueshiba yí ète rẹ̀ padà. Ní ọdún 1942, nígbà tí ogun ayé ń gbóná, ó kúrò ní Tokyo, ó lọ sí abúlé Iwama, ó ń dáko, ó sì ń kọ́ni. Ní ọdún kan náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọgbọ́n rẹ̀ ní aikido. Ìtumọ̀ orúkọ náà, bí a bá tú u ní ẹyọ ẹyọ, ni ìrẹ́pọ̀, èémí àti ọ̀nà. Ó kú ní ọdún 1969, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti tàn ká ayé.

Ọ̀nà tí ó ń gbà ṣiṣẹ́ rọrùn láti sọ, ó sì ṣòro láti ṣe. Bí ẹnìkan bá sáré bọ̀ wá lù ọ́, o kò dúró gbọin kí o fi agbára pàdé agbára. O yà sí ẹ̀gbẹ́, o yí pẹ̀lú rẹ̀, o di ọwọ́ tí ó nà mú, o sì jẹ́ kí eré tí òun fúnra rẹ̀ ń sá gbé e kọjá lọ sí ilẹ̀. Lẹ́yìn náà o tẹ apá rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ìbínú rẹ̀ yóò fi rọ̀. Ẹni méjì méjì ni wọ́n ń kọ́ ọ pọ̀: èmi ni olùlù fún ìgbà díẹ̀, ìwọ ni ẹni tí a ń lù, lẹ́yìn náà a pààrọ̀. Ní ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ń kọ́ ọ, kò sí ìdíje, kò sí ife ẹ̀yẹ, ẹnikẹ́ni kò borí ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ọ̀dọ́ wa fi èyí hàn mí nínú àgbàlá ìjọ, mo rántí onígi tí ń wá ibi tí yóò tẹ ẹsẹ̀ sí. Mallam kò gbọ́ orúkọ Ueshiba rí, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ ohun kan náà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a gbé àwọn àtakò yẹ̀ wò, nítorí àwọn tí ó ṣe wọ́n kì í ṣe aláìgbọ́n.

Èkínní ni ọ̀rọ̀ Olúwa wa nínú Mátíù orí karùn-ún, nípa ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, n kò sì ní í fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ yí i sí ẹ̀gbẹ́. Bí ẹnìkan bá gbá mi létí láti fi àbùkù kàn mí, mo gbọ́dọ̀ gbà á mọ́ra; ìgbéraga mi ni ó dun mí, kì í ṣe ẹ̀mí mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń wọ́ arábìnrin mi nílẹ̀ ní ìkóríta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí kì í ṣe tèmi ni, èmi kò sì ní ẹ̀tọ́ láti yí i sí olùlù. Nígbà tí a kó Lọ́tì nígbèkùn, Ábúráhámù kó 318 ọkùnrin nínú ilé rẹ̀ jọ, ó sì lọ gbà á padà. Ìwé Mímọ́ sọ fún wa pé àwọn ọkùnrin náà ti kọ́ṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìmúrasílẹ̀ wọn ti wà kí ewu tó dé.

Síbẹ̀, òfin Mósè kan wà nínú Ẹ́kísódù orí kejìlélógún tí ó dá mi lẹ́bi. Ó ṣe ìyàtọ̀ láàárín olè tí a pa níbi tí ó ti ń fọ́ ilé ní òru àti olè tí a pa lẹ́yìn tí oòrùn ti là. Fún ti àkọ́kọ́ kò sí ẹ̀bi. Fún èkejì, ẹ̀bi wà. Ìdí rẹ̀ hàn gbangba: nínú òkùnkùn o kò mọ ohun tí ó fẹ́ ṣe sí ọ, ní ìmọ́lẹ̀ o ti rí i, ewu sì ti dín kù. Òfin ilẹ̀ wa pàápàá gbà bẹ́ẹ̀. Penal Code tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilẹ̀ Àríwá ní ọdún 1960 fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti gba ara rẹ̀ àti ọmọnìkejì rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò fún un ní ẹ̀tọ́ láti ṣe ìpalára ju èyí tí ìdáàbòbò náà béèrè lọ. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní ìpín 33, kò gbà ju agbára tí ó bá tọ́ sí ọ̀ràn náà lọ. Ẹ bi mí léèrè, ẹ̀yin ará: nígbà tí mo ta ẹsẹ̀ náà, oòrùn kò ha ti là lórí ọmọ náà bí? Ó wà nílẹ̀. Báàgì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Kò sí ẹni tí mo ń dáàbò bò mọ́. Ìbẹ̀rù mi ni mo ń wò sàn lórí egungun ìhà ọmọ ọlọ́mọ.

Àtakò kejì ni pé ẹni tí ó bá mọ ìjà yóò máa wá ìjà kiri. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú èyí. Mo mọ àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kọ́ karate fún oṣù mẹ́ta tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èjìká sókè ní ọjà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àìmọ̀ ṣe. Ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń di ènìyàn mú, ọ̀nà méjì péré ni ó ní: kí ó sá, tàbí kí ó lù títí ẹ̀rù rẹ̀ yóò fi tán, ẹ̀rù kì í sì í tètè tán. Ìmọ̀ ni ó ṣí ọ̀nà kẹta sílẹ̀. Àwọn àgbà ní, bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, kí a fi ti òsì fà á mọ́ra. Ẹni tí ọwọ́ òsì rẹ̀ kò kọ́ ohunkóhun, pẹ̀lú kí ni yóò fà á mọ́ra? Nítorí náà, kì í ṣe ìmọ̀ ni ó léwu, ìdajì ìmọ̀ ni, àti olùkọ́ tí kò kọ́ ọmọ ní ìwà.

Àtakò kẹta kan ìgbàgbọ́. Alàgbà kan sọ nínú ìpàdé pé òun gbọ́ pé àwọn tí ń kọ́ aikido a máa tẹríba fún àwòrán. Òtítọ́ ni. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí a ti ń kọ́ ọ, àwòrán Ueshiba a máa wà lára ògiri, àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ a sì máa tẹríba sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí. Òtítọ́ ni pẹ̀lú pé Ueshiba fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọlẹ́yìn ẹ̀sìn kan ní Japan tí ń jẹ́ Omoto, ó sì fi èrò ẹ̀sìn náà kún ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò yẹ kí a fi èyí pamọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ni wá. A máa ń dọ̀bálẹ̀ fún bàbá wa, a máa ń kúnlẹ̀ fún ìyá ọkọ wa, kò sì sí ẹni tí ó rò pé a ń bọ wọ́n. Kí ọ̀dọ́ méjì tẹríba fún ara wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá parí, ìkíni ni mo pè é. Èyí tí ó bá ju ìkíni lọ, ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Kò sí àwòrán ẹnikẹ́ni tí yóò gun ara ògiri gbọ̀ngàn wa nítorí ìdárayá.

Àtakò kẹrin ni ó wúwo jù lójú mi, bàbá tí ó sọ ọ́ sì sunkún. Ó ní, "Kí ni ọwọ́ òfìfo lè ṣe ní ilẹ̀ yìí?" Ó rántí ọdún 1987, nígbà tí a sun ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn ní Zaria. Ó rántí ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2012, nígbà tí bọ́ǹbù bú ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Wusasa àti ní Sabon Gari. Ó rántí ọkọ̀ ojú irin tí ń bọ̀ láti Abuja sí Kaduna ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2022. N kò ní ìdáhùn tí yóò gbé e kúrò nínú ìrora rẹ̀. Aikido kò lè dá bọ́ǹbù dúró. Kò lè mú ọta ìbọn yà. Ọ̀dọ́ tí ó bá rò pé òun lè fi ọgbọ́n ọwọ́ kojú ẹni tí ó gbé ìbọn ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣeré, olùkọ́ tí ó bá sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un ń purọ́. Kódà sí ẹni tí ó gbé ọ̀bẹ, sísá ni ó sàn jù bí àyè bá wà. Àwọn kan tí wọ́n mọ ọ̀rọ̀ yìí tilẹ̀ ń sọ pé ní ibi ìkọ́ṣẹ́ aikido, olùlù a máa gbà kí a sọ òun, ṣùgbọ́n olè kì yóò gbà bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí: kí a má rìn nínú òkùnkùn ní àwa nìkan, kí a mọ aládùúgbò wa, kí a sì mọ ọ̀nà ilé. Èyí ni ìdáàbòbò àkọ́kọ́, kò sì béèrè aṣọ funfun àti bẹ́líìtì.

Ẹ ó bi mí pé, kí ni èrè rẹ̀ nígbà náà? Èrè méjì ni mo rí.

Èkínní wà fún ara. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà wá nímọ̀ràn pé kí àgbàlagbà máa ṣe ìdárayá tí kò le jù fún ìṣẹ́jú 150 ó kéré tán ní ọ̀sẹ̀ kan, kí àwọn tí ó ti pé ọdún 65 sì fi ohun tí ń kọ́ ara láti dúró ṣinṣin kún un ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Mélòó nínú wa ni ó ń ṣe é? Orí àga ni mo ń jókòó sí láti òwúrọ̀ di alẹ́. Nígbà tí mo sáré tẹ̀ lé olè, èémí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ pin kí n tó dé ibẹ̀. Ohun tí ó sì yà mí lẹ́nu ni pé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nínú aikido kì í ṣe lílù tàbí dídi ènìyàn mú. Ṣíṣubú ni. A ń kọ́ ènìyàn láti ká ara rẹ̀ bí igbá, kí ó yí lórí èjìká, kí ó sì dìde láìfi orí tàbí ọwọ́ gba ilẹ̀. Àwọn baba wa ní, bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Gbogbo wa ni a ó ṣubú lọ́jọ́ kan. Ìyá mélòó ni ó ti ṣubú ní balùwẹ̀ ní ìjọ wa yìí tí kò sì rìn mọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá?

Èrè kejì wà fún ọkàn, òun ni ó mú kí n kọ ìwé yìí. Ìwà rere tí a kò tíì dán wò nínú ìbẹ̀rù, èrò rere lásán ni. Láti ìgbà èwe mi ni mo ti mọ̀ pé kò yẹ kí a lu ẹni tí ó ti wà nílẹ̀. Mo tilẹ̀ ti kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Ìsinmi ní ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ náà wà ní orí mi, kò sọ̀kalẹ̀ dé ẹsẹ̀. Nígbà tí ariwo dé tí ọkàn mi sì ń lù kìkì, ẹsẹ̀ ṣe ohun tí ẹ̀rù sọ fún un. Bí ó bá jẹ́ pé ara a máa gbàgbé ohun tí orí mọ̀ nígbà ewu, ó yẹ kí a kọ́ ara náà, kí a tún un kọ́ ní ọgọ́rùn-ún ìgbà, ní ibi tí kò sí ewu, pẹ̀lú arákùnrin tí ó ń lù ọ́ láìbínú tí ìwọ náà sì ń gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Bí a ti ń kọ́ orin náà nìyẹn. Kò sí ẹni tí ó mọ ohùn rẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi tí kò kọ́ ọ ní Ọjọ́bọ̀.

Nítorí náà, bí ìgbìmọ̀ bá bi mí léèrè, èyí ni n ó sọ. Ẹ fún àwọn ọ̀dọ́ ní gbọ̀ngàn. Kí àgbà méjì máa jókòó tì wọ́n, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Kí a kọ́ ìṣubú kí a tó kọ́ ohunkóhun mìíràn. Kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fi ọgbọ́n náà halẹ̀ mọ́ ẹlòmíràn ní ìta kúrò níbẹ̀. Kí a má sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ aládùúgbò wa, ìbáà jẹ́ Hausa, ìbáà jẹ́ Ìgbò, ìbáà jẹ́ Mùsùlùmí. Nítorí bí a bá kọ́ ọgbọ́n yìí ní ìkọ̀kọ̀, tí a sì dì í mọ́ra bí ohun ìjà sí àwọn kan, a ti sọ ọ́ di ohun mìíràn, ó sàn kí a má tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Mo lọ wo ọmọ náà. Ó ti kúrò ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Tudun Wada, Mallam ni ó sì mú mi lọ. Mo sọ fún un pé èmi wà lára àwọn tí ó lù ú, pé mo sì ta á lẹ́sẹ̀ nígbà tí kò lè ṣe ohunkóhun mọ́. Ó wò mí títí. Ó ní òun kò rántí ojú ẹnikẹ́ni. Ó ní ó ṣì máa ń dun òun bí òun bá mí kanlẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Òun náà ní kí n bá òun bẹ arábìnrin tí òun já báàgì rẹ̀ gbà. Mo ti jẹ́ iṣẹ́ náà.

Ní Sátidé tí ó kọjá, nínú àgbàlá, ọ̀dọ́ wa tẹ́ ẹní méjì, ó sì kọ́ mi bí a ṣe ń ṣubú. Mo ṣubú bí àpò gaàrí. Àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì dìde. N ó tún gbìyànjú, bí ìgbìmọ̀ bá gbà fún wa.

Èmi ni tiyín nínú Olúwa,
Akọ̀wé Ìjọ.